Ọpọlọ, Ọ̀pọ̀lọ́

Bí mo bá fẹ́ pọ́n òkè Ẹ̀fọ̀n láàárọ̀ tí oòrùn ti ràn,
ọkọ̀ mi á ṣe bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.
Á dákẹ́.
N kò lè pọ́n òkè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n lẹ́yìn mi.
Màá sọ̀kalẹ̀, màá fi òkúta há táyà,
màá jókòó sórí koríko bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́
tí wọn kò dárúkọ ilé fún.
Tó bá di bí ogún ìṣẹ́jú, tí atẹ́gùn òkè ti fẹ́ sí i lára,
mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dáhùn.
Ó dáhùn bí ọmọ tí kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

Oṣù mẹ́ta.
Bàbá Fálúyì ní púlọ́ọ̀gì ni. Mo ra púlọ́ọ̀gì.
Ó ní kọ́ìlì ni. Mo ra kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Ó ní páǹpù inú táǹkì ni:
òbúkọ méjì bá a lọ, àti owó ilé-ìwé ọmọ mi kejì.
Àbúrò ìyá mi ní Ìdó ní kì í ṣe ojú lásán,
ta ni mo gbé tí n kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀,
ta ni mo gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ jù?
Mo rò ó. Orúkọ pọ̀ níhà méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá Fálúyì lọ sìnkú ní Àrámọkọ.
Ìbíyẹmí nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù,
ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ṣe fíríìdọ̀mù,
gírísì ní èékánná, bírò nínú irun.
Kò bi mí pé kí ló ń ṣe é.
Ó ní, "Nígbà wo ni kì í ṣe é?"
Ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo ní: bí òjò bá rọ̀. Bí ara rẹ̀ bá tutù.

Ó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan nínú oòrùn títí ó fi gbóná.
Ó yọ ike abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó na ọwọ́ wọ òkùnkùn,
ó bá àpótí pẹlẹbẹ kan
tó lúgọ bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn ìkòkò omi.
"Ọpọlọ rẹ̀ rèé."
Mo ní, ọ̀pọ̀lọ́ kẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mí díẹ̀.
Ó fi èèkù sukudíréfà kàn án, kọ́, kọ́:
ẹ́ńjìnnì kú.
Ó jí i, ó tún kàn án. Ó tún kú.
Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní ó tó, mo ti rí i.

Omi ti ń kán sí i láti etí gíláàsì iwájú, láti òjò èṣí.
Ẹsẹ̀ wáyà ti dógùn-ún, ó hu ewédò bí inú àmù.
Òjé ibì kan ti là, ìlà tó tín-ín-rín ju irun lọ:
bó bá gbóná, á yanu;
bó bá tutù, á panu dé.

Adó la ti rí òmíràn, tòkunbọ̀,
lára ọkọ̀ tó forí sọgi ní ìlú òkèèrè.
Nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, síbẹ̀ kò mọ kọ́kọ́rọ́ mi.
Ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà dé,
ó fi kọ́kọ́rọ́ hàn án, bí a ti í fi ẹbí han ìyàwó tuntun.

Bàbá Fálúyì ti òde ìsìnkú dé, ó ní
òun ti ń fura sí ọpọlọ tẹ́lẹ̀.
Ìbíyẹmí ń nu sípánà. Kò gbójú sókè.

Ní báyìí mo ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, kò wúkọ́.
Ìgbà mìíràn, nínú ìkùukùu, mo máa ń bi í
bóyá ó rántí yìnyín,
àti ẹni tó di ìdarí mú lọ́jọ́ náà.
Kò sọ fún mi.
Bí òjò bá dá, mo ń fi ìka yẹ etí gíláàsì wò.