Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo kà lójú aago ògiri
kí ẹ̀rọ tó fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo hàn mí.
Ọyẹ́ ti bo fèrèsé ọ́fíìsì wa ní Kàbà.
Àwọn tísà tó ti fẹ̀yìn tì jókòó lórí bẹ́ǹṣì,
láti Ìyàrà, láti Mọ̀pà, láti Ògìdì,
wọ́n di fáìlì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
"Okun o," ni wọ́n kí mi.
"Okun o," ni mo dáhùn, ojú sì ń tì mí.

Ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ àkọsílẹ̀ ló wà níkùn ẹ̀rọ náà.
XML ni wọ́n fi tò wọ́n; igi ni:
gbòǹgbò kan, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka,
ilé-ìwé nínú ìlú, ènìyàn nínú ilé-ìwé,
ọdún tó wọṣẹ́ lára ènìyàn bí ewé.
Ẹni tó ṣíwájú mi, kó tó ṣí lọ sí Àbújá,
fi ìlà wíwọ́ méjì síwájú ìbéèrè rẹ̀:
wá a níbikíbi tó bá wà.
Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀lẹ ní tirẹ̀;
ó gun igi láti ìdí, ó já gbogbo ewé wò,
títí kan ewé tí kò lórúkọ lára.

Mo fi kún àyè ìrántí rẹ̀. Ó gbé e mì, kò yó.
Mo la ọ̀nà fún un: ìlú ná, lẹ́yìn náà ilé-ìwé,
kó tó kan ènìyàn.
Mọ́kànlá di mẹ́rin.
Inú mi dùn títí iná fi lọ.
Ọbaníyì ní epo jẹnẹrétọ̀ ti tán láti àná,
ni èmi àti àwọn tísà bá ń wo ojú ara wa.

Mẹ́rin yẹn kò sì dín.
Nígbà tí iná dé, mo ní kí ẹ̀rọ ro ẹsẹ̀ rẹ̀ fún mi,
ibi tó yà sí, ibi tó ti pẹ́.
Atọ́ka orúkọ wà níbẹ̀ o, bí àkàbà tí a gbé ti ògiri,
ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ kàn án.

Bàbá Ìbítóyè, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní Ìyàrà,
gba bírò lọ́wọ́ mi. "Jẹ́ n kọ ọ́ dáadáa."
Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n gbé bírò,
wọ́n to sí i lábẹ́, wọ́n tún gbé bírò,
wọ́n fi àmì lé e lórí.
Ẹ̀ẹ̀mẹta fún lẹ́tà kan.
Ara mi bù mọ́ mi.

Àwọn kan ti tẹ ọ́ ní odindi, lẹ́ẹ̀kan náà;
àwọn mìíràn tẹ̀ ẹ́ bíi ti Bàbá, wẹ́wẹ́.
Ojú ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ̀rọ ní àlejò ni wọ́n síra wọn.
Nítorí ìyẹn ni ọ̀gbẹ́ni Àbújá ṣe pàṣẹ
kí wọ́n máa bọ́ àmì lára gbogbo orúkọ
kí wọ́n tó fi wé,
ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ orúkọ, nígbàkigbà tí ẹnì kan bá béèrè.
Báwo ni àkàbà ṣe fẹ́ wúlò?

Lóru ọjọ́ náà mo bọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
mo fi orúkọ tó wà níhòòhò sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wọṣọ,
mo ṣe atọ́ka tuntun fún un.
Orúkọ gan-an, n kò fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀, kí ìka mi tó kúrò lórí bọ́tìnnì, ó ti dé:
Ọlọ́runlékè Ìbítóyè, ilé-ìwé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀.
Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.
"Ó yá jù. O ò wá a."
Mo ní mo wá a.
"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ.
Èyí tó bá dáhùn kí n tó bi í tán, ó jí i wò ni."

Mo bá yí ojú ẹ̀rọ sápá kan,
mo ń tẹ ohun tí kì í ṣe nǹkan kan,
mo jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan kọjá lójú aago ògiri,
kí n tó ní, "Bàbá, a ti rí i."