Àmì Ìyọkúrò

Lóru ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní
ẹ̀rọ amúlégbóná kú lábẹ́ ilé wa ní Winnipeg.
Ìdílé méjìdínlógójì, èmi nìkan ni aṣọ́lé,
èmi ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn fún.
Ìyáàfin Kowalchuk wọ ẹ̀wù òtútù mẹ́ta,
ológbò rẹ̀ wà nínú ìkẹrin.

Mo pe ilé-iṣẹ́ tó tà á.
Wọ́n ní kí n dúró. Mo dúró,
èémí mi ń di kùrukùru níwájú mi.
Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ti gbó,
wọ́n ti ti kóòdù inú rẹ̀ pa,
kọ́kọ́rọ́ sì ti bá ẹni tó kọ ọ́ lọ.

Jomari, ọmọ Filipínì tó ń gbé lókè kẹta,
gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀: ẹ wo èyí.
Kóòdù tí obìnrin kan kọ ní Madurai,
tó fi sílẹ̀ gbalasa
bí ìkòkò omi ẹ̀bá ọ̀nà oko:
kí ẹni òùngbẹ ń gbẹ bù mu,
kó ṣáà dá igbá padà.
Kavitha lorúkọ rẹ̀.
Orúkọ mọ́kàndínlógún tò tẹ̀lé e:
Tuomas tún ibí ṣe, Beatriz fi tọ̀hún kún un.

A gbé e sórí ẹ̀rọ. Iná ràn. A pàtẹ́wọ́.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, iná tún kú.

Jomari ń kà á ní ìlà-ìlà, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì.
Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ìṣirò rí ní Ìkirun
ni mo rí i: kò sí àmì ìyọkúrò.
Kí ni Kavitha fẹ́ fi í ṣe? Omi Madurai kì í dì.
Mọ́kànlélọ́gbọ̀n abẹ́ òdo ló wà níta,
ẹ̀rọ kà á sí mọ́kànlélọ́gbọ̀n oòrùn,
ó ní ooru ti tó, ó lọ sùn.

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ kò rí yìnyín rí;
ẹni tí yìnyín ń pa kò mọ̀ ọ́n kọ.
Àfi kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

A fi àmì náà sí i, tín-ín-rín bí eegun ẹja.
Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ológbò fò sílẹ̀.

Jomari ní ká fi ránṣẹ́ padà.
Mo ní, èló ni wọn óò san? Ó ní, ọ̀fẹ́ ni.
Mo rántí bàbá mi tó ń lọ àáró,
lónìí oko Làmídì, lọ́la tiwa.
Ṣùgbọ́n bàbá mi mọ ojú gbogbo wọn.
Èmi ò ní jẹun nílé Tuomas láé.

Ilẹ̀ mọ́, èsì dé láti Madurai:
ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ pé ayé lè tutù tó bẹ́ẹ̀.
Orúkọ méjì ti wọ ìsàlẹ̀ àtòkọ:
Jomari, àti Ládépò,
àmì ohùn orí rẹ̀ pé, ọ̀kan ò jábọ́.

Mo mú ṣọ́bìrì, mo lọ kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà.