Ọ̀kẹ́ Kan

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Mo dúró de bọ́ọ̀sì ní Sargent, ní Winnipeg,
yìnyín ti gba bàtà mi dé ọrùn ẹsẹ̀.
Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá igba dọ́là tó kù
á lè gbé wa dé ọjọ́ Ẹtì.
Fóònù ní ọ̀kẹ́ kan ni, ó lé díẹ̀.
Mo pa á. Mo tún un tàn.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kejì, mo fi ìka mìíràn tẹ̀ ẹ́,
bí ẹni pé ìka àkọ́kọ́ ló ń purọ́.

Àjẹsílẹ̀ owó oṣù ni, ọdún mẹ́rin gbáko
tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ń bá ilé ìtọ́jú àgbà fà á,
tí èmi ti gbàgbé pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń fà.
Marites tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ló pè:
"Ìbí, ó wọlé! Lọ wo tìẹ!"

Ìyá ìyá mi ní, nígbà ayé ìyá tòun,
géńdé ọkùnrin ló ń ru ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan,
ọrùn rẹ̀ a sì máa wọ èjìká lọ.
Tèmi kò wúwo. Inú àpò kóòtù ló wà,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ àti súìtì ikọ́ kan,
síbẹ̀ orúnkún mi ń gbọ̀n.

Lálẹ́, mo lọ bá ẹ̀rọ amúlégbóná lára ògiri.
Méjìdínlógún la máa ń fi í sí,
àwa àti suwẹ́tà, àwa àti ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì.
Mo yí i sí mọ́kànlélógún.
Dúrótolú yọjú láti yàrá rẹ̀:
"Màmá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Mo lọ rí oníṣègùn eyín.
Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń jẹun ní ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan,
bí ẹni tó ń bá ojúlé kejì yan odì.
Mo jẹ ẹ̀pà ní ọ̀tún nínú bọ́ọ̀sì. Mo sunkún.

Mo san gbèsè káàdì.
Obìnrin tó máa ń pè láti bi mí léèrè owó wọn kò pè mọ́.
Àárò rẹ̀ sọ mí díẹ̀.
Ní gbogbo ìlú yìí, òun nìkan ló ń pe orúkọ mi tán.

Mo fi iṣẹ́ òru ọjọ́ Àìkú sílẹ̀.
Oorun kò wá. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́
ọkọ̀ tó ń họ yìnyín kúrò lójú títì,
mo sì gbọ́ ọmọ mi tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá.
N kò mọ̀ pé ó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìkirè: báwo ni ọ̀hún?
Mo ti fi owó páànù ránṣẹ́; n kò sọ ibi tó ti wá.
Mo ní òtútù pọ̀. Òótọ́ ni, òtútù pọ̀.
N kò sọ pé inú ilé wa ti gbóná.

Níwájú tòmátì, mo ṣì ń gbé e, mo ń dá a padà,
mo ń wo iye, mo ń wo ẹni tó ń wò mí.
Owó ti dé. Ọwọ́ kò tíì gbọ́.

Ó ti di ẹgbàá mẹ́fà báyìí, ó sì ń lọ sílẹ̀.
Mo mọ̀. Mò ń kà á.
Ṣùgbọ́n lánàá, bọ́ọ̀sì fi mí sílẹ̀ ní Sargent,
n kò sì sáré tẹ̀ lé e.
Mo dúró. Mo fi eyín ọ̀tún fọ́ súìtì.
Òmíràn ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.