Ọ̀dà Funfun

Bàbá mi ló kọ nọ́ńbà sára igi,
ọ̀dà funfun nínú agolo mílíìkì, búrọ́ọ̀ṣì tó ń pa irun,
òun àti akọ̀wé ìjọba kan tó wọ bàtà òjò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Wọ́n ka kòkó, wọ́n ka obì,
wọ́n dé ìdí ọ̀pẹ, akọ̀wé ní, "Èyí kò sí nínú ìwé."
Obì ìyá bàbá mi bọ́ sí nọ́ńbà kẹtàdínlógójì.
Ọ̀ṣunkẹ́yẹ gbé àpótí rẹ̀ sídìí igi náà, ó jókòó:
"Ẹ kọ èmi náà sí ìkejìdínlógójì. A jọ hù níbí ni."

Odò kò mọ̀ pé wọ́n ti dí òun.
Ó ń ṣàn bọ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó forí sọ ògiri,
ó bojú wẹ̀yìn, ó wá ń gun òkè padà
bí àlejò tó gbàgbé fìlà sílé onílé.
Ó wọ poro ebè. Ó wọ kànga, omi mu omi.
Ó wọ ilé wa láìkan ilẹ̀kùn,
ó gun àjà, ó sì sùn síbẹ̀.

Wọ́n ní iná ni wọn ó fi san án.
A kó wọ Òṣogbo, yàrá méjì l'Ókè-Báálẹ̀,
a nu gílóòbù bí ẹni ń nu ẹyin adìẹ.
Àwọn òpó onírin gba orí oko tó ṣẹ́kù kọjá,
wáyà wọn ń kùn bí oyin tí kò ní afárá,
wọ́n ń gbé iná lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún wa.
Àtùpà ni mo fi kàwé jáde.
Ìyá àgbà a gbójú sókè wo gílóòbù:
"Àbí ó ṣì wà lábẹ́ omi ni?"
Abẹ́ gílóòbù yẹn ló kú sí.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí fa omi náà sẹ́yìn.
Mo wọ ọkọ̀ Tarí, apẹja, ọmọ Ìjọ,
ẹni tí kò mọ̀ pé abúlé kan wà níbẹ̀ rí.
Èmi ń wo ìsàlẹ̀, òun ń wo afẹ́fẹ́.
Ó na àjẹ̀ sí kùkùté kan tó yọ jáde bí ìgúnpá:
"Ẹ yẹra fún un. Àwọ̀n mi mẹ́ta ló ti fà ya.
Ìyá Arúgbó ni mo ń pè é,
kì í kúrò lọ́nà fún ẹnikẹ́ni."
Mi ò sọ nǹkan kan.
Mo fi èékánná ha ẹrẹ̀ ara rẹ̀, mo ha á, mo ha á.
Igi ni mo bá.

Ọmọ Tarí, ọmọ ọdún méje, bú sẹ́rìn-ín,
ó bẹ́ sómi, ó lúwẹ̀ẹ́ yí Ìyá Arúgbó ká lẹ́ẹ̀mejì.
Etí adágún yìí ni wọ́n ti bí i.
Lójú tirẹ̀, omi ló kọ́kọ́ dé.

Mo ra epìyà mẹ́ta. Mo délé, iná ti lọ.
Bàbá mi dẹ etí sí ẹsẹ̀ mi nínú òkùnkùn:
"Nọ́ńbà yẹn ńkọ́, ó ṣì wà?"
"Ó wà, Bàbá. Ó funfun báláú."
Ó mi orí. Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀.
"Owó ara mi ni mo fi ra ọ̀dà yẹn, o gbọ́?
Wọn kò san án padà."