Èékánná Onja

Ẹ bi mí. Èmi ni mo mọ iye tí èékánná mẹ́rin ná wa.

Ní Antsirabe, níbi tí òtútù ti ń bu èèyàn jẹ lóṣù keje,
bàbá wa a máa fi ẹsẹ̀ lásán fa ọmọlanke akérò
láti ibùdó rélùwéè dé ibi omi gbígbóná,
ó ń fa àwọn tó sanra jù ú lọ.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gbé gìtá kan wálé,
èrò kan ló fi dípò owó tí kò ní:
okùn mẹ́ta ló kù lára rẹ̀,
ikùn rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

Onja, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tú wáyà bíréékì kẹ̀kẹ́,
ó ń yọ fọ́nrán kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń yọ eegun ẹja lọ́fun ọmọ.
Ó so wọ́n mọ́ gìtá. Ẹ̀jẹ̀ yọ.
Kò sọ fún ìyá wa. Ó sọ fún mi.

Ranaivo tó ń tún rédíò ṣe nìkan ló rí kọ́ ọ:
ó ní àtàǹpàkò ni ẹsẹ̀ tí ń rìn,
àwọn ìka yòókù ni ẹnu tí ń sọ̀rọ̀;
kí ẹsẹ̀ má dúró nítorí pé ẹnu rí ọ̀rọ̀ sọ.
Oṣù mẹ́rin gbáko ni ẹsẹ̀ náà fi ń kọ.
Orí ẹní kan náà la ń sùn; lójú oorun pàápàá
ó ń ta ìka sí mi lẹ́yìn: dùm, ti-tin, dùm, tin.
Egungun ìhà mi ló kọ́kọ́ mọ orin náà.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàlá, ó dá èékánná sí,
ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Ti òsì, ó gé e mọ́lẹ̀.
Ọ̀rọ̀ wá di ti aṣọ.
Aṣọ oníbàárà kún agbọ̀n ìyá wa,
òkúta ìfọṣọ kò sì mọ olórin.
"Bí ọṣẹ bá kàn án, rírọ̀ ni yóò rọ̀," ni Onja wí,
ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.
Mo gba agbọ̀n. Mo ní ọdún kan péré ni.
Ọdún mẹ́fà ni.

Mo fọ ṣòkòtò ọlọ́pàá, mo fọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì,
àtẹ́lẹwọ́ mi sán,
òun sì jókòó sórí àpáta, ó ń wá ohùn kan tí kò tíì sí.
Nígbà mìíràn, orin rẹ̀ a bá mi fún aṣọ.
Nígbà mìíràn, ó ń ṣe mí bíi kí n tì í sódò,
tòun ti gìtá.

Ó dé Tana, ó ta fún àwọn tó ń jẹun,
ìró ṣíbí bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ó díje, ó ṣe ipò kejì, wọ́n fún un ní àpò ìrẹsì.
Lẹ́yìn náà ẹnìkan yà á sínú fóònù,
ìwé ìpè sì ti Nantes dé, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Lálẹ́ tí yóò ṣeré níbẹ̀, ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ká èékánná ìka àárín.
Ó pè mí, ẹkún gba ẹnu rẹ̀.
Wọ́n ní kó gé bọ́ọ̀lù orí tábìlì, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.
Mo ní: "Ṣé ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kú ni?"
Ẹran ara ló fi ta á.
Ó ní ohùn náà rọ̀, ó wúwo,
bí aṣọ tí a kò tíì fún,
gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́.
Báyìí, bẹ́ẹ̀ ló ń ta á níbi gbogbo.
Bí wọ́n bá bi í léèrè àṣírí rẹ̀, a sọ̀rọ̀ nípa okùn.
Kì í dárúkọ odò.

Kérésì tó kọjá, ó gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ wálé. Iná ò sí.
Ló bá tẹ̀ lé mi dé etí omi, ó ká apá aṣọ sókè,
ó ri ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ọṣẹ.
Mo pariwo: "Onja, èékánná rẹ!"
Ó ní: "Yóò hù."

A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Kò mọ aṣọ í fọ̀ rárá.