Ọkọ̀ Ìjẹ

Èjìká ọ̀tún bàbá mi kú ní oṣù Ẹrẹ́nà.
Kò kú tán. Ó rọ ni, bí apá ẹ̀wù tí a sá sórí okùn.
Dókítà ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n dín iyọ̀ kù.
Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni yóò máa bá wọn ju ìwọ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ rélùwéè,
gbogbo Sátidé ni wọ́n fi ń lọ sí dáàmù Erinlẹ̀
pẹ̀lú ọ̀pá méjì, àga kékeré kan, búrẹ́dì kan.
Nísinsìnyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Àlékúwodò ni wọ́n ń jókòó sí,
wọ́n ń wo gọ́tà
bí ẹni tó ń retí kí nǹkan fa okùn.

Fóònù ni mo ń tún ṣe.
Mo mọ bí a ti ń jí ohun tí wọ́n ní ó ti kú.
Mo ra mọ́tò ìṣeré ọmọdé kan tí táyà rẹ̀ ti yọ,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, lọ́wọ́ Sùbédà tó ń ta tòkunbọ̀.
Mọ́tò kọ́ ni mo fẹ́, rìmóòtù rẹ̀ ni.
Mo gé fóòmù lára kúlà tí ìdérí rẹ̀ sọnù,
mo fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ẹ: imú ṣóńṣó, ìdí pẹrẹsẹ.
Bátìrì wá láti inú kọ̀ǹpútà tí oníbàárà kan kò padà wá gbà.
Ṣíjúadé wẹ́dà gé agolo mílíìkì,
ó lọ́ ọ bí ewé mẹ́ta kí ó lè máa ti omi sẹ́yìn,
ó ní, "Ṣé òkè lo ń lọ àbí odò?"

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀, rọ́bà ni mo fi dè é.
Tí mo bá tẹ bọ́tìnì tó ń tan iná mọ́tò tẹ́lẹ̀,
ilẹ̀kùn á là, ìjẹ á dà, ìwọ̀ á tẹ̀lé e.

Ọjọ́ kìíní, nínú ọpọ́n ìfọṣọ, ó kàn ń pòòyì.
Ọjọ́ kejì, ó rì.
Mo yọ́ àbẹ́là sí gbogbo ojú ihò.
Ó tún rì, ṣùgbọ́n ó rọra rì.
Màmá mi ní kí n dá ọpọ́n òun padà.

Rábíù ará ilé kejì ní omi ṣáà ń bẹ nítòsí,
kí ló dé tí a ò gbé e lọ sábẹ́ afárá Ọ̀ṣun?
Bàbá mi, tí kì í bọ Ọ̀ṣun, tí ń kírun márùn-ún,
wọ́n wò ó tìtì.
"Ẹja ibẹ̀ kì í ṣe ẹja ọbẹ̀.
Wọ́n bá wa nílé ni, àbí àwa la bá wọn?"

Sátidé, a wọ mọ́tò Ẹdẹ.
Mo gbé ọkọ̀ náà sórí ìjókòó kan; awakọ̀ gba owó èèyàn mẹ́ta.
Létí omi, wọ́n fi ọwọ́ òsì po gàrí mọ́ edé lílọ̀,
díẹ̀ dà sí ṣòkòtò wọn.
Mo ti di rìmóòtù mú.
Wọ́n nawọ́: "Àwẹ̀ró, gbé e wá."

Àtàǹpàkò kan péré.
Ọkọ̀ náà mì, ó yà sọ́tùn-ún, ó rántí ara rẹ̀,
ó kọjú sí àárín omi,
ó ń fa okùn tín-ín-rín lẹ́yìn bí ẹni ń ránṣọ.
Ó dé ibi tí ọwọ́ ọ̀tún wọn máa ń ju ìwọ̀ dé.
Ó kọjá rẹ̀.
Ó kọjá rẹ̀ dáadáa.
Wọn kò sọ̀rọ̀.
Ilẹ̀kùn là.

Ẹja kan ṣoṣo la rí, ẹpìyà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.
Mo ń tú u lẹ́nu ìwọ̀, mo ń ṣírò ohun tó kù:
eríàlì tó gùn, àbẹ́là sí i.
Nígbà tí mo fi gbójú sókè, wọ́n ti gbé ọ̀pá tì.
Ọkọ̀ náà ti ń lọ láìgbé ìjẹ kankan,
láàárín òṣíbàtà, ó ń pòòyì
bí ó ti pòòyì nínú ọpọ́n,
àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ẹnìkan ló ń yí i.
Bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
Mo mọ̀.
N kò sọ fún wọn.