Ẹtù

Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.
Wọn ò sọ ohun tí ti ẹ̀yìn yóò máa wò
bí wọ́n bá ta ti iwájú
fún oníṣòwò kan láti Nìkì
tó ka owó sẹ́fà sórí ẹní, tó mu omi, tó lọ.

Láti ọjọ́ náà, ó ku èmi àti Ẹtù.
Bàbá ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ara rẹ̀ tó ṣe wínníwínní
bí ìyẹ́ ẹtù.
Àbúrò mi Worú ló yí ohùn orúkọ náà padà:
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tù ni, ẹ̀tù ìbọn.
Ẹ má mú iná sún mọ́ ọn."
Kí òun náà tó kó ẹrù lọ sí Kútọnu.

Òwúrọ̀ Sátidé, a gba ẹ̀yìn ojú irin,
níbi tí koríko ti ga ju irin lọ.
Kò tíì sí nǹkan kan. Etí rẹ̀ ti dúró ṣánṣán.
Ọ̀rá dúdú kan há sórí ìrèké,
afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó ní fẹ̀rẹ̀rẹ̀,
Ẹtù fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó tẹ iná.
Ayé yí. Mo rí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tó dojú dé,
mo rí gàárì, mo rí ọ̀run,
mo rí ọwọ́ ara mi tó di ìjánu mú
bí ẹni tó di ọmọ mú létí kànga.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.
Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rù; ọ̀rá kàn tẹ̀lé e ni.
Ẹṣin kì í ka ojú ẹni. Ìdí ló ń kà,
itan ló ń kà, èémí tí a há mọ́ àyà
ló ń kà bí ìwé ẹjọ́.

Nítorí náà mo mí. Mo tú ìka mi sílẹ̀, ọ̀kan, ọ̀kan.
Mo mú un yí òbìrìkìtì kékeré, mo mú un yí ńlá,
títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rántí pé mẹ́rin ni òun.
Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. N kò ki oríkì:
oríkì a máa mú orí ẹṣin wú,
tirẹ̀ sì ti wú tẹ́lẹ̀.
Mo sọ ti gbèsè tí Bíọ̀ jẹ mí lórí àpò kajú mẹ́ta.
Mo sọ ti ìrẹsì tó jóná lánàá.
Mo sọ iye ọjọ́ tí Worú kò ti pè,
mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mọ́kànlá náà ni.
Ohùn mi lọ sílẹ̀ bí omi tó ń wọ iyanrìn.
Etí kan yí padà sọ́dọ̀ mi.
Èkejì ṣì ń ṣọ́ ìrèké. Ó tó bẹ́ẹ̀.
Ìdajì ẹṣin sàn ju gàárì òfìfo lọ.

Mo sọ̀kalẹ̀ níbi afárá kékeré,
mo fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀
kí ó lè rí ẹ̀yìn ẹnìkan wò.
Ẹṣin iwájú. Èmi, pẹ̀lú bàtà rọ́bà,
pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí láti ìgbà òjò.
Zẹ́mìjan kan kọjá, ó so adìyẹ mẹ́wàá kọ́ síwájú,
ó kígbe pé, "Ṣé ẹ ó gùn ún ni, àbí òun ni yóò gùn yín?"
N kò dá a lóhùn. Ẹtù ló fọn imú.

Àparò fò jáde létí odò, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀:
èémí, òbìrìkìtì, gbèsè Bíọ̀, ìrẹsì.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ àpáta
ó na ọrùn sókè, ó yán,
igbe gígùn tó fi máa ń wá abo ẹṣin tí a tà.
Gbogbo nǹkan dákẹ́.
Lẹ́yìn náà, láti ara òkúta, igbe kan padà wá,
ó tínrín, ó jìnnà, ó jọ ti ìyá arúgbó náà gan-an.
Ara Ẹtù rọ̀. Ó mí kanlẹ̀.
Ó tẹ orí ba, ó ń jẹ koríko.

N kò sọ fún un pé òkè ni.
Mo jókòó sórí òkúta, mo fi ìka méjì di ìjánu mú,
mo yọ fóònù lápò,
mo tẹ nọ́ńbà Worú.
Ó ń dún.